Ayétòrò Etí Òkun, àti Ọ̀rọ̀ Oníbàárà Tòótọ́

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, etí òkun ni a ń mú yín lọ, sí Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ìlú tí àwọn ènìyàn fi ọwọ́ ara wọn tẹ̀ dó sórí ẹrẹ̀ àti omi, tí òkìkí rẹ̀ sì kàn dé òkè òkun nígbà kan. A ó sọ bí a ṣe ń dé ibẹ̀, a ó sọ ohun tí ìlú náà ti jẹ́ àti ohun tí ó dà lónìí. A ó sì fi ìtàn rẹ̀ wo ọ̀rọ̀ kan tí ó kan gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń wọ ọkọ̀ bàálù lọ sí Mẹ́kà, Lọ́ńdọ̀nù, Dùbáì tàbí Amẹ́ríkà. Ọ̀rọ̀ náà ni èyí: ta ni ọlọ́kọ̀ ń kà sí oníbàárà rẹ̀ tòótọ́? Ṣé ẹni tí ó ń bá a rìn nígbà gbogbo ni, tàbí ẹni tí ó náwó ńlá fún un lẹ́ẹ̀kan?

ÌLÚ TÍ A Ń FI OMI DÉ

Ẹni tí ó bá ti Èkó bọ̀ yóò gba Ìjẹ̀bú-Òde kọjá, yóò dé Oòrè, yóò yà sí ọ̀nà Òkìtìpupa, yóò sì tibẹ̀ dé Igbókọ̀dá, tí í ṣe olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó. Ní Igbókọ̀dá ni ẹ̀ẹ́kún títì ti ń fà sẹ́yìn, tí ọ̀rọ̀ omi sì bẹ̀rẹ̀. Èbúté àti ọjà wà níbẹ̀, àwọn obìnrin ni wọ́n sì pọ̀ jù nínú wọn. Ẹja yíyan àti ẹja tútù, edé, ẹní tí wọ́n fi ọwọ́ hun, àti púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí àwọn Ìlàjẹ fi ń mú ọbẹ̀ ẹja, gbogbo rẹ̀ ni ojú ń rí. Ọkọ̀ tí a ń fi àjẹ̀ wà wà níbẹ̀, ọkọ̀ elẹ́ńjìnnì náà sì wà níbẹ̀.

Láti Igbókọ̀dá ni ọkọ̀ ti ń gba ojú omi lọ sí ìhà òkun. Igi àti koríko irà wà lọ́tùn-ún, wọ́n wà lósì. Àwọn abúlé kéékèèké wà tí ilé wọn dúró lórí òpó igi, tí ọmọdé ń wa ọkọ̀ bí ọmọ òkè ṣe ń gun kẹ̀kẹ́. Etí òkun Ìlàjẹ kò rí bí ti Èkó tàbí ti Bàdágìrì tí iyanrìn funfun tẹ́ sí. Ẹrẹ̀ ni ó pọ̀ níbẹ̀, ẹrẹ̀ dúdú tí ó rọ̀, tí òkun sì ń jẹ láìsinmi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹrẹ̀ yìí sọ́kàn, nítorí a ó padà bá a nísàlẹ̀.

Ní gbogbo èbúté ilẹ̀ wa, oríṣi èrò méjì ni ó wà. Èkíní ni ìyá ẹlẹ́ja tí ó ń wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ ọjà gbogbo, òjò ìbáà rọ̀, oòrùn ìbáà ràn. Owó tí ó ń san lẹ́ẹ̀kan kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n kò yẹ̀ ní ọdún yípo. Èkejì ni àlejò láti ìlú ńlá tí ó wá lẹ́ẹ̀kan, tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fara kàn án, tí ó sì gba gbogbo ọkọ̀ fún ara rẹ̀ nìkan. Lọ́jọ́ náà, owó àlejò pọ̀ ju ti ìyá ẹlẹ́ja lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. Bí ó bá wá di ọjọ́ tí ìjókòó kan ṣoṣo kù, ta ni kí atukọ̀ fi í fún? Ìbéèrè kékeré kọ́ ni èyí, ẹ̀yin ìyá wa. Bí a bá ṣe dáhùn rẹ̀ ni ìlú yóò ṣe rí.

ÌLÚ TÍ A KÒ TI Ń NÁ OWÓ

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1947 ni a tẹ Ayétòrò dó. Àwọn tí ó tẹ̀ ẹ́ dó jẹ́ ọmọ Ìlàjẹ, ará ìjọ Aládùúrà tí ó ti inú Kérúbù àti Séráfù jáde, tí wọ́n sì ń pe ara wọn ní Àpọ́sítélì Mímọ́. Ìtàn wọn sọ pé inúnibíni ni ó lé wọn kúrò ní abúlé wọn, nítorí pé wọn kò fara mọ́ àwọn àṣà àtijọ́ kan, pàápàá jù lọ pípa ìbejì. Wọ́n kó ẹrù wọn, wọ́n sì lọ sí etí òkun níbi tí ẹlòmíràn kò fẹ́ gbé. Wọ́n sọ ibẹ̀ ní Ayétòrò, èyíinì ni pé ayé dákẹ́ rọ́rọ́, ayé tòrò bí omi tí ẹnikẹ́ni kò dà rú. Ọba wọn ni wọ́n ń pè ní Ogeloyinbo. Òun ni ó jẹ́ olórí ìlú, òun náà ni olórí ìjọ.

Ẹ̀sìn wọn kì í ṣe tiwa, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe yẹ fún ìyìn lẹ́nu ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́. Wọ́n kan ilé sórí òpó, wọ́n sì fi pákó ṣe títì láti ojúlé dé ojúlé. Wọ́n gbẹ́ odò fún ọkọ̀ wọn láti gbà. Wọ́n ń kan ọkọ̀ ojú omi fúnra wọn, wọ́n ń pẹja, wọ́n ń hun aṣọ, wọ́n ń rán aṣọ, wọ́n ń ṣe bàtà, wọ́n ń ṣe búrẹ́dì. Ní nǹkan bí ọdún 1953, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ilẹ̀ Yorùbá ṣì ń tan àtùpà elépo, iná mànàmáná ti ń tàn ní Ayétòrò láti ara ẹ̀rọ tiwọn. Àwọn aláwọ̀ funfun bẹ̀rẹ̀ sí í wá wò wọ́n, wọ́n sì ń pè é ní ìlú aláyọ̀.

Ohun tí ó ya àlejò lẹ́nu jù lọ ni ọ̀rọ̀ owó. Láàárín ara wọn, wọn kì í ná owó. Ẹja tí a bá pa, aṣọ tí a bá hun, owó tí a bá rí lára ohun tí a tà fún ará ìta, inú àpótí àjùmọ̀ní ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Láti ibẹ̀ ni olúkúlùkù ti ń gba oúnjẹ, aṣọ àti ilé. Apẹja kò ní apò tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni aránṣọ náà. Bí ẹnì kan bá ní ọlá láàárín wọn, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni, àti ìfarajìn rẹ̀, àti bí ó ti pẹ́ tó nínú ìlú. Kò sí ẹni tí ó lè fi owó ra ipò iwájú, nítorí kò sí owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí yóò fi rà á.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ọ̀mọ̀wé Stanley Barrett, ẹni tí ó lọ gbé láàárín wọn tí ó sì tẹ ìwé jáde nípa wọn ní ọdún 1977, fi ìlú náà wé abúlé kan nítòsí rẹ̀ tí ẹ̀sìn wọn jọra, ṣùgbọ́n tí olúkúlùkù ń ṣiṣẹ́ fún apò ara rẹ̀. Ó rí i pé abúlé kejì kò lọ síwájú bíi ti Ayétòrò. Ohun tí ó sì fà yọ ni pé àjùmọ̀ṣe iṣẹ́ ni ó gbé ìlú náà ga, kì í ṣe ẹ̀sìn nìkan.

OHUN TÍ Ó YÍ PADÀ NÍ 1968

Ayé kì í dúró sójú kan. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1968, Ayétòrò ti gbà kí olúkúlùkù máa ṣòwò fún ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní ọkọ̀, tirẹ̀ ni èrè ọkọ̀ náà. Ẹni tí ó bá ní ṣọ́ọ̀bù, tirẹ̀ ni èrè ṣọ́ọ̀bù. Kò sí ẹni tí yóò bá wọn wí pé wọ́n fẹ́ ní nǹkan tiwọn. Ọ̀dọ́ tí ó bá ṣiṣẹ́ kára tí ọ̀lẹ sì ń bá a jẹ nínú àwo kan náà, ọkàn rẹ̀ lè má balẹ̀. Àwọn tí ó kàwé, tí wọ́n ti rí Èkó, náà fẹ́ gbé ìgbé ayé tí ojú wọn ti rí.

Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n ìlú yí padà lọ́jọ́ náà. Tẹ́lẹ̀, ìbéèrè tí a ń bi ènìyàn ni pé, “Kí ni o ti ṣe fún wa, ó sì ti pẹ́ tó tí o ti wà pẹ̀lú wa?” Lẹ́yìn náà, ìbéèrè di pé, “Èló ni o ní?” Àwọn kan là, àwọn kan kò là. Iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í joro, àwọn ọ̀dọ́ sì ń bá ọkọ̀ lọ sí ìlú mìíràn láti wá iṣẹ́. Àwọn baba wa sọ pé àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan kò bá ní. Ẹni tí ó ti fi ogún ọdún kan pákó títì, tí ó ti dàgbà, tí kò sì ní owó láti fi bẹ̀rẹ̀ òwò, ibo ni ọlá rẹ̀ ti ọjọ́sí wà nínú ìṣirò tuntun yìí?

ỌKỌ̀ BÀÁLÙ ÀTI KÁÀDÌ ỌLÁ

Irú ohun kan náà ni ó ti ṣẹlẹ̀ lójú òfuurufú, ẹ̀yin òǹkàwé wa, ó sì kan àwọn ènìyàn wa gan-an.

Gbogbo ìyá ọlọ́jà ni ó mọ èènì. Bí ẹ bá ra ìrẹsì lọ́wọ́ ìyá oníbàárà yín, yóò wọn ti owó yín, lẹ́yìn náà yóò tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Èènì ni ìyẹn. Kì í ṣe owó ọjọ́ náà nìkan ni ó ń wò. Ó ń wò ó pé ẹ wá lọ́sẹ̀ tí ó kọjá, ẹ ó sì tún wá lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀. Ní ọdún 1981, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ bàálù American Airlines ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà dá ètò èènì tiwọn sílẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù sì tẹ̀lé e. Ètò náà kò le. A ó kọ orúkọ èrò sílẹ̀, a ó fún un ní nọ́ńbà, a ó sì máa ka máìlì tí ó bá fò. Bí máìlì náà bá pọ̀ tó, yóò gba tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́. Bí ó bá sì fò púpọ̀ láàárín ọdún kan, yóò gba ipò ọlá, tí wọ́n ń pè ní fàdákà tàbí wúrà: yóò wọ ọkọ̀ ṣáájú, ẹrù rẹ̀ lè pọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ, bí ipò náà bá sì ga tó, wọ́n a jẹ́ kí ó jókòó sí yàrá ìsinmi kí ọkọ̀ tó gbéra.

Àwọn obìnrin oníṣòwò wa rí àǹfààní nínú èyí. Ọ̀nà wa jìn. Láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù ju máìlì 3,000 lọ, láti Èkó dé Atlanta ní Amẹ́ríkà ju máìlì 5,500 lọ. Ẹni tí ó bá ń lọ kó ọjà, tàbí tí ó ń lọ bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú ọmọ tuntun lókè òkun, máìlì rẹ̀ a tètè pọ̀, kódà bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn ọkọ̀ ni ó máa ń jókòó sí, tí tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú sì ni ó rà.

ÒṢÙWỌ̀N TUNTUN

Nígbà tí ó yá, àwọn ọlọ́kọ̀ jókòó, wọ́n ṣírò. Wọ́n rí i pé èrò méjì lè lọ sí ibì kan náà lọ́jọ́ kan náà, kí ọ̀kan san ìlọ́po márùn-ún ohun tí èkejì san, kí máìlì wọn sì má fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Wọ́n tún rí i pé àwọn kan wà tí kò ní iṣẹ́ níbì kan, tí wọ́n kàn ń wá tíkẹ́ẹ̀tì tí ó rọ̀ jù láti fi kó máìlì jọ. Wọ́n ní èyí kò bójú mu. Ní ọdún 2014, Delta, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tí ọkọ̀ rẹ̀ ń fò wá sí Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè iye owó tí àwọn èrò rẹ̀ tó ń gbé ní Amẹ́ríkà ná kí ó tó fi wọ́n sí ipò ọlá. Ní 2015, ó sọ máìlì èènì fúnra rẹ̀ di ohun tí a ń fi owó tíkẹ́ẹ̀tì ṣírò. Nígbà tí ó di 2024, ó yọ máìlì àti iye ìrìn kúrò nínú ọ̀rọ̀ ipò pátápátá, ó ku owó nìkan. Nígbà tí wọ́n kéde èyí ní oṣù kẹsàn-án 2023, àwọn èrò fi ariwo ta, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà sì gbà pé àwọn ti sáré jù. Wọ́n dín iye owó náà kù díẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò pa òṣùwọ̀n tuntun náà tì.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpèjúwe ṣe é, kí ó lè yé ọmọdé. Ká ní Alhaja kan ń lọ láti Èkó sí Atlanta lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún. Àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìrìn mẹ́fà, gbogbo rẹ̀ sì ju máìlì 33,000 lọ. Ní ìgbà àtijọ́, máìlì 25,000 ni wọ́n ń bèèrè fún ipò fàdákà, nítorí náà Alhaja ti gbà á, ó tilẹ̀ ṣẹ́kù. Ní ìṣirò tuntun ti 2024, dọ́là 5,000 ni fàdákà ń bèèrè. Bí owó tí wọ́n ń kà nínú tíkẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ dọ́là 1,200, dọ́là 3,600 ni gbogbo rẹ̀. Alhaja kò gba nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ọ̀gá òṣìṣẹ́ kan tí ọ́fíìsì rẹ̀ ra ìjókòó iwájú fún ní dọ́là 6,000, tí ó lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí ó sì padà, ti di ẹni fàdákà. Alhaja rìn ní ìlọ́po mẹ́ta, ọ̀gá ni ó gba ọlá. Owó tí ọ̀gá fi gbà á kò sì ti àpò rẹ̀ jáde.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà tẹ̀lé e. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹrin 2025, British Airways, tí ọ̀pọ̀ Yorùbá tí ń gbé Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ bí ẹni mọ owó, yí ètò rẹ̀ padà. Pọ́n-ùn kan di àmì kan. Idẹ ń bèèrè àmì 3,500, fàdákà 7,500, wúrà 20,000. Kì í ṣe pé iwájú ọkọ̀ àti ẹ̀yìn ọkọ̀ dọ́gba tẹ́lẹ̀. Rárá, àmì iwájú ti pọ̀ ju ti ẹ̀yìn lọ láti ọjọ́ pípẹ́. Ṣùgbọ́n tẹ́lẹ̀, bí ọ̀nà ti jìn tó àti ibi tí ènìyàn jókòó sí ni wọ́n ń wò. Nísinsìnyí, owó ni. Lẹ́yìn tí àwọn èrò ráhùn, wọ́n dá ọ̀nà kan padà fún ẹni tí ó ń fò léraléra: ìrìn 25 lè mú idẹ wá, ìrìn 50 lè mú fàdákà wá láàárín ọdún kan. Ẹni tí ó ń fò láti ìlú kan sí ìkejì ní Yúróòpù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lè ṣe èyí. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó ń ti Èkó lọ wo ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́dún, ìrìn mẹ́jọ péré ni tirẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ilé-iṣẹ́ ni ó gba ọ̀nà yìí tán. Air France àti KLM, tí wọ́n jùmọ̀ ní ètò kan, fi owó ṣírò máìlì èènì láti 2018, ṣùgbọ́n wọ́n fi ipò ọlá sílẹ̀ fún bí ọ̀nà ti jìn tó àti irú ìjókòó. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé bákan náà ni gbogbo ọlọ́kọ̀ rí.

Ohun mìíràn tún wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ó yẹ kí a mọ̀. Ní Amẹ́ríkà, àwọn báńkì ń ra máìlì lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ bàálù, wọ́n sì ń fi í fa ojú àwọn tí ń ná káàdì wọn mọ́ra. Ní ọdún 2023, owó tí Delta gbà lọ́wọ́ American Express, tí í ṣe ilé-iṣẹ́ káàdì, ju bílíọ̀nù 6 dọ́là lọ. Ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹ̀kúnwọ́ èènì ti di ọjà tí a ń tà. Ẹni tí kò bá ní irú káàdì bẹ́ẹ̀, ìyẹn ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa nílé, ìta ni yóò ti máa wo ọjà náà.

KÍ NI KÍ A ṢE?

Àwa kò bú ọlọ́kọ̀. Ọkọ̀ bàálù kì í mu omi, òwò sì ni wọ́n ń ṣe. Ẹni tí ó bá san púpọ̀ yẹ kí ó gba ohun tí ó sanwó fún. Ṣùgbọ́n kí a pe nǹkan ní orúkọ rẹ̀. Bí owó nìkan bá ni òṣùwọ̀n, ọlá tí a rà ni, kì í ṣe èrè ìfaradà. Ìyá oníṣòwò kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí orúkọ fàdákà àti wúrà tan òun jẹ. Ìmọ̀ràn wa rèé.

Èkíní, ẹ forúkọ sílẹ̀, nítorí ọ̀fẹ́ ni ó sábà máa ń jẹ́. Ẹ rí i pé nọ́ńbà yín wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó wọ ọkọ̀. Máìlì kékeré sàn ju òfo lọ.

Èkejì, ẹ má ṣe náwó kún owó nítorí ipò. Ẹni tí ó ku pọ́n-ùn 300 kí ó dé idẹ, tí ó wá ra tíkẹ́ẹ̀tì tí kò nílò, ti fi owó ọmọ ra páálí.

Ẹ̀kẹta, ẹrù ni kí oníṣòwò kọ́kọ́ wò. Ẹ bèèrè pé ẹrù mélòó ni wọ́n gbà nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì, kílò mélòó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, èló sì ni àlékún. Ẹ ro tíkẹ́ẹ̀tì àti owó ẹrù pọ̀ kí ẹ tó sọ pé ọkọ̀ kan rọ̀ ju èkejì lọ. Láti 2024 ni Air Peace, ọkọ̀ ọmọ Nàìjíríà, ti bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù, nítorí náà ó yẹ kí a yẹ owó oríṣiríṣi wò. Bí ọlọ́kọ̀ kò bá ka ìfaradà yín sí mọ́, kò sí ìdí tí ẹ ó fi há mọ́ ọlọ́kọ̀ kan ṣoṣo.

Ẹ̀kẹrin, ẹ kọ́ ọgbọ́n lára rẹ̀ fún ọjà tiyín. Ẹ̀yin tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ má ṣe jẹ́ kí oníbàárà olówó ńlá gba ojú yín débi tí ẹ ó fi gbàgbé ọmọdébìnrin tí ó ń wá ra iyọ̀ lójoojúmọ́. Olówó ńlá lè wá lẹ́ẹ̀kan, kí ó má padà mọ́. Lọ́jọ́ tí ọjà kò bá tà, owó iyọ̀ ni ẹ ó fi se ọbẹ̀.

ÒKUN ÀTI AYÉTÒRÒ LÓNÌÍ

Ẹ jẹ́ kí a padà sí orí ẹrẹ̀ tí a sọ. Òkun ti ń jẹ Ayétòrò láti ọ̀pọ̀ ọdún. Ilé ti lọ, títì ti lọ, itẹ́ òkú pàápàá ti bá omi lọ. Ibi tí òkun wà lónìí, ibẹ̀ ni àwọn àgbà ìlú ń nawọ́ sí pé, “Níbẹ̀ yẹn ni ilé wa wà tẹ́lẹ̀.” Àwọn ọmọ ìjọ ti ní láti kó ilé ìsìn wọn sẹ́yìn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní ọdún 2004, a gbé iṣẹ́ ògiri tí yóò dá òkun dúró jáde, a sì tún gbé e jáde lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n òkun ṣì ń wọlé. Àwọn tí ó mọ̀ nípa ilẹ̀ sọ pé ẹrẹ̀ etíkun náà kò lágbára láti dúró fún ìgbì, pé òkun ayé gbogbo sì ń ga sí i nítorí ooru tí ń pọ̀ láyé.

Ọ̀pọ̀ ti kó lọ. Ṣùgbọ́n àwọn kan kò lọ. Àwọn apẹja wà níbẹ̀, àwọn ìyá tí ń yan ẹja wà níbẹ̀. Bí omi bá gba ilé iwájú, wọ́n a kó sí ilé ẹ̀yìn, wọ́n a tún kan pákó mìíràn. Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ìjókòó iwájú àti yàrá ìsinmi. Bí a bá fi owó nìkan wọn ìlú, ẹnì kan lè sọ pé ìlú apẹja kékeré kò tó ohun tí a ń kọ́ ògiri òkun fún, pé kí wọ́n kó lọ sí ibòmíràn. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ìfaradà wọ̀n ọ́n, àwọn tí ó gbẹ́ odò fúnra wọn, tí wọ́n tan iná fúnra wọn láìdúró de ìjọba, tí wọ́n sì ṣì dúró ti ilẹ̀ baba wọn nígbà tí òkun wà lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ohùn wọn. Ilẹ̀ Ìlàjẹ wà lára ilẹ̀ tí a ti ń wa epo rọ̀bì. A kò lè máa ka epo tí ó ti ibẹ̀ jáde, kí a má ka ènìyàn tí ó ń gbé ibẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ lọ wò ó, ẹ lọ. Ẹ jí lọ sí Igbókọ̀dá ní òwúrọ̀, kí ẹ má bàa bá òkùnkùn padà lójú omi. Ẹ má wọ ọkọ̀ tí èrò ti kún jù, ẹ sì bèèrè ẹ̀wù tí ń gbé ènìyàn léfòó fún ara yín àti fún ọmọ yín. Ẹ fi ike bo ẹrù yín, nítorí omi a máa ta sínú ọkọ̀. Bí ẹ bá dé ìlú, ẹ kọ́kọ́ kí àwọn àgbà, ẹ bèèrè kí ẹ tó ya fọ́tò ẹnikẹ́ni, kí ẹ sì bọ̀wọ̀ fún ilé ìsìn wọn bí ẹ ti fẹ́ kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún mọ́ṣáláṣí yín. Ẹ ra ẹja lọ́wọ́ àwọn ìyá ibẹ̀, ẹ má sì ná an jù. Bí ó bá bu èènì fún yín, ẹ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Kò bèèrè káàdì yín kí ó tó fún yín.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí òkun rọlẹ̀ fún wọn, kí ó sì jẹ́ kí àwa náà mọ ẹni tí ó dúró tì wá yàtọ̀ sí ẹni tí ó kàn ná owó lọ́dọ̀ wa. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.